Ta Ni Ó Ń San Gbèsè Àlejò? Àwọn Ọ̀dọ́, Ìrìn-àjò Afẹ́ àti Ẹ̀tọ́ Mẹ̀kúnnù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, 1913–2024

Ìfáárà

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Òwe yìí kò bá àlejò wí. Onílé ni ó ń bá sọ̀rọ̀, pé kí ó ronú lórí ohun tí yóò kù nílẹ̀ nígbà tí àlejò bá ti padà sílé rẹ̀. Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, àti ní àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká ní etí ọ̀sà Èkó, ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn ni ó ti tún ilẹ̀ ṣe láti gba àlejò: àlejò oníṣòwò tí ó gba ojú òkun wọlé, àlejò àjọ̀dún àṣà, àti arìnrìn-àjò afẹ́ tí ó fẹ́ sinmi ní etíkun. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé ta ni ó ń san gbèsè àwọn àlejò wọ̀nyí, àti pé kí ni àwọn ọ̀dọ́ etí omi ti ṣe láti yí ètò ìsanwó náà padà.

Ohun tí a pè ní ìrìn-àjò afẹ́ tí ó tọ́jọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni èyí tí kì í ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, tí kì í lé olùgbé jáde, tí èrè rẹ̀ sì ń dé ọwọ́ àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Ìtumọ̀ yìí kò jìnnà sí ìlànà ìwà ọmọlúàbí fún ìrìn-àjò afẹ́ tí àjọ àgbáyé tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà fọwọ́ sí ní Santiago, lórílẹ̀-èdè Chile, ní ọdún 1999. Nítorí náà, a kò lè ya ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láwùjọ.

Ó rọrùn láti rò pé ìpolongo àwọn ọ̀dọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ohun tuntun, pé íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn àjọ òkèèrè ni wọ́n gbé e wá. Èrò tiwa yàtọ̀. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ èrè etí omi Àpápá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ẹni tí ó ń jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 20, onílẹ̀ ni ó lọ sí ilé-ẹjọ́. Lónìí, ọmọ ayálégbé ni ó ń jà, ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀, tí bàbá ńlá rẹ̀ kò sì sùn sí ilẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ yìí ni kókó iṣẹ́ yìí.

Ilẹ̀ Àpápá àti Ẹjọ́ Olúwa

Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ náà wà ní ìkáwọ́ Olóyè Àmọ́dù Tíjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀. Àwọn adájọ́ ní Èkó kò sọ pé owó gbà-máà-bínú kò tọ́ sí i. Ohun tí wọ́n sọ ni pé alábòójútó ilẹ̀ lásán ni, kì í ṣe ẹni tí ó ni ilẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba owó ni ó yẹ kí ó gbà. Olúwa kò gba ìdájọ́ náà. Ní ọdún 1920, òun àti Herbert Macaulay, tí ó jẹ́ akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀, wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gbé ẹjọ́ náà síwájú Privy Council.

Ní oṣù Keje ọdún 1921, ilé-ẹjọ́ náà dá Olúwa láre. Viscount Haldane, tí ó ka ìdájọ́, ṣàlàyé pé kò tọ́ kí a fi òṣùwọ̀n òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan wọn ilẹ̀ àwọn ará Èkó. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, ti abúlé tàbí ti àwùjọ, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ó sì yẹ kí ìjọba san owó lórí gbogbo ẹ̀tọ́ tí àwùjọ náà ní sí ilẹ̀ náà. Owó gbà-máà-bínú tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde jẹ́ 22,500 pọ́n-ùn. Ìrìn-àjò náà ná àwọn mìíràn ní ohun púpọ̀. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó tí Macaulay gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọba náà àti ìjọba. Ní ọdún 1925 wọ́n yọ ọba náà lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ni ó tó padà sí Èkó.

Ohun méjì ni ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn mú nínú ẹjọ́ yìí. Èkíní ni pé ó fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ pé ìlọsíwájú ìlú kò tó ìdí láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, tí a kì í sábà sọ, ni pé àwọn tí ìdájọ́ náà dáàbò bò ni àwọn tí wọ́n bá ilẹ̀ náà tan. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọn tí yóò wá láti ọ̀nà jíjìn láti ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn, tí wọn yóò bímọ síbẹ̀, tí wọn yóò sì dàgbà síbẹ̀. Ní ọdún 1921, àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀.

Èbúté àti Ìdìde Ajégúnlẹ̀

Ọdún tí ìdájọ́ náà jáde gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá. Ó parí ní ọdún 1926. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti to ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà kí ìgbì má baà dí ọ̀nà, láti ọdún 1914 sì ni àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń rí ọ̀nà wọlé. Lábẹ́ ààbò àwọn ògiri òkúta yẹn ni etíkun Tarkwa Bay wà, ibi tí omi ti rọlẹ̀ ju ojú òkun gbangba lọ. A óò padà sí ibẹ̀ láìpẹ́.

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú tò. Àjọ yìí ni ó wá tún ilẹ̀ Àpápá ṣe fún ilé-iṣẹ́ àti fún ilé gbígbé àwọn ọ̀gá, òun náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó ní ọdún 1955. Àpápá ní títì tí a là gbọọrọ, ó ní igi ìbòòji àti ilé ọlọ́gbà. Ajégúnlẹ̀, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó ń ru ẹrù ní èbúté, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun, tí ó ń wa ọkọ̀, tí ó sì ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ wá yá yàrá sí: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùróbò, Ígbò, Ẹ̀gùn, Haúsá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn.

Orúkọ àdúgbò náà yẹ fún àkíyèsí. A máa ń sọ pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ nígbà tí ó bá dé èbúté. Ajé gúnlẹ̀, ìyẹn ni pé ọrọ̀ ti dé etí ilẹ̀, ó sì ti rí ibi dúró sí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn, a óò rí i pé ní Àpápá ni ajé ti ń gúnlẹ̀, ní Ajégúnlẹ̀ ni àwọn tí ó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ ń sùn. Nígbà tí ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ǹtì dí ojú omi Èkó pa ní ọdún 1975, ìdáhùn ìjọba ni láti kọ́ èbúté mìíràn sí Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977. Ẹrù pọ̀ sí i, tírélà àti táńkà sì pọ̀ sí i títí wọ́n fi sọ ọ̀nà Àpápá di ibùdó wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni àjọ tí ó ń bójú tó èbúté tó bẹ̀rẹ̀ ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan láti máa pe tírélà ní ìtẹ̀léra. Wọ́n fún un ní orúkọ Yorùbá, Ètò. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn olùgbé ti fa èéfín símú, wọ́n sì ti rìn lórí títì tí ó ti fọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbèsè àlejò oníṣòwò nìyẹn, àwọn ni wọ́n sì san án.

Àlejò FESTAC àti Àwọn Ará Olúwọlé

Àlejò kejì ni àlejò àṣà. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, Nàìjíríà gba àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, FESTAC '77. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olórin, oníjó, òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ni ó wá láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà, erékùṣù Káríbíànù àti àwọn ibòmíràn. Ilé ńlá tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ dè wọ́n ni National Theatre ní Ìgànmú, tí kò jìnnà sí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Kò sí ìwé ìtàn àṣà Nàìjíríà tí kì í yin àjọ̀dún yìí, ó sì yẹ fún ìyìn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé náà sí kò ṣófo tẹ́lẹ̀. Abúlé kan tí ó ń jẹ́ Olúwọlé wà níbẹ̀. Ní ọdún 1973, ìjọba kó àwọn ará Olúwọlé kúrò kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì darí sí Bàdíà, ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan ní tòsí Ìjọra. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó yẹ̀pẹ̀ dí omi, wọ́n sì kọ́lé. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, katakata ìjọba ìpínlẹ̀ wó apá ìlà-oòrùn Bàdíà kí wọ́n lè kọ́ ilé tuntun síbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Amnesty International, ó tó 9,000 ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn kan wà lára wọn tí ìdílé wọn ti di ẹni tí a lé kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan nítorí àlejò, lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹwà ìlú.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ Bàdíà ta kókó ni pé ó wà lára àwọn àdúgbò 9 tí Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Èkó ti sọ láti ọdún 2006 pé àwọn yóò tún ṣe. Ajégúnlẹ̀ àti Amùkòkò náà wà lára wọn. Àwọn ará Bàdíà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ SERAC, gbé ẹ̀sùn lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ti Báńkì Àgbáyé ní ọdún 2013. Owó jáde níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ tí wọ́n fún owó náà. Ní ọdún 1921, owó tí Olúwa gbà jẹ́ owó gbà-máà-bínú; ẹ̀tọ́ ni, iye ilẹ̀ ni wọ́n sì fi díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí àwọn ará Bàdíà gbà jẹ́ owó ìrànlọ́wọ́. A kì í fi ẹ̀tọ́ ran ènìyàn lọ́wọ́. Àánú ni a fi ń ranni lọ́wọ́. Nínú ìyàtọ̀ orúkọ méjì yìí ni a ti rí ipò tí òfin fi ayálégbé àti ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ sí ní etí omi Èkó. Ipò yìí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn dìde láti yí padà.

Orúkọ tí Àwọn Ọ̀dọ́ Tún Ṣe

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ní ìtàn nínú òṣèlú Èkó. Lagos Youth Movement bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1934 nítorí àríyànjiyàn lórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábà. Ó di Nigerian Youth Movement ní ọdún 1936, ó sì borí ẹgbẹ́ òṣèlú Macaulay nínú ìdìbò Èkó ní ọdún 1938. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò, dókítà àti akọ̀ròyìn ni àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn. Ìwé tí wọ́n kà ni wọ́n fi gba àyè láti sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní ìparí sẹ́ńtúrì 20 kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Orin, ijó àti bọ́ọ̀lù ni ó kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀.

Ní àwọn ọdún 1990, Daddy Showkey, Baba Fryo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ orin àti ijó galala di ohun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. African China náà tẹ̀ lé wọn. Èdè Pidgin tí gbogbo ẹ̀yà àdúgbò náà gbọ́ ni wọ́n fi kọrin. Ìròyìn tí àwọn ìwé ìròyìn ń gbé nípa Ajégúnlẹ̀ nígbà náà kò ju ti ọ̀daràn àti ìdọ̀tí lọ. Àwọn olórin yìí kò sẹ́ pé ìyà wà níbẹ̀. Wọ́n sọ orúkọ tí a fi ń bú wọn di oríkì. Bákan náà ni pápá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Maracana di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Odion Ighalo, tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ nínú ìdíje ife Áfíríkà ti ọdún 2019, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni.

Ipele kejì ni ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2007, ètò tí wọ́n pè ní Ajegunle.org bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Paradigm Initiative láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ní lílo kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ òòjọ́. Ipele kẹta kan ilẹ̀ àti omi fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2018, àjọ African Clean-Up Initiative ti ń ṣe ètò RecyclesPay pẹ̀lú Morit International School ní Ajégúnlẹ̀: àwọn òbí a máa kó ike omi àti ti ohun mímu àlòkù wá, wọn a wọ̀n ọ́n, iye owó rẹ̀ yóò sì wọ inú owó ilé-ìwé ọmọ. Ike tí ìbá dí gọ́tà, tí ìbá sì mú kí omi òjò ya wọ yàrá ènìyàn, di owó ẹ̀kọ́.

A kò gbọ́dọ̀ fi ìyìn bo àlébù inú ètò yìí mọ́lẹ̀. Ike tí ó wà nínú kánáàlì Ajégúnlẹ̀ kò wá láti Ajégúnlẹ̀ nìkan. Omi ni ó ń gbé e wá láti àwọn àdúgbò mìíràn. Bí ọmọ tálákà bá ní láti ṣa ìdọ̀tí gbogbo ìlú kí ó tó lè kàwé, ìbéèrè òdodo ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ètò náà fi ohun kan hàn tí ó wúlò fún àlàyé wa: àwọn olùgbé ni wọ́n ń tọ́jú etí omi yìí. Ẹni tí ó sọ pé wọ́n ń ba etí omi jẹ́, kí a lè lé wọn kúrò fún àlejò, ní láti kọ́kọ́ dáhùn sí ẹ̀rí yẹn.

Ọdún 2017 àti Ìdájọ́ Etí Omi

Ọdún 2017 kó ohun mẹ́ta jọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún ìrìn-àjò afẹ́ tí ó tọ́jọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ìjọba sì fi ayẹyẹ pe ayé wá wò ó. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, wọ́n parí ìwólé tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ní Otodo Gbame, abúlé àwọn apẹja Ẹ̀gùn ní agbègbè Lẹ́kí. Ó lé ní 30,000 ènìyàn tí ó di aláìnílé. Lẹ́kí jìnnà sí Àpápá, ṣùgbọ́n omi kan náà ni, ìbẹ̀rù kan náà ni ó sì mú àwọn olùgbé etí ọ̀sà káàkiri Èkó para pọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kó ipa pàtàkì nínú ìparapọ̀ yìí. Nínú àjọṣe Nigerian Slum/Informal Settlement Federation pẹ̀lú àjọ Justice & Empowerment Initiatives, àwọn olùgbé àdúgbò mẹ̀kúnnù kọ́ bí a ti ń ka òfin, bí a ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn, àti bí a ti ń ya fídíò ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Wọ́n lọ fẹ̀hónú hàn ní Aláùsá, wọ́n sì lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé lílé ènìyàn kúrò nílé láìfún wọn ní ibòmíràn tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sí iyì, tí ó wà nínú òfin orílẹ̀-èdè.

Bí a bá gbé ìdájọ́ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti ọdún 1921, a óò rí ìrìn-àjò tí èrò òfin ti rìn. Olúwa jàre nítorí pé ẹbí rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀. Àwọn ará etí omi jàre nítorí pé ènìyàn ni wọ́n. Ìdájọ́ kejì kò béèrè ìwé ilẹ̀ kí ó tó gba ẹ̀tọ́ gbọ́. Òtítọ́ ni pé kò dá ilé Otodo Gbame padà, ṣùgbọ́n ó fún àwọn ọ̀dọ́ ní ohun tí àwọn ará Olúwọlé kò ní ní ọdún 1973: ọ̀rọ̀ òfin tí ó bá ipò wọn mu.

Ọdún mẹ́ta kò tíì pé lẹ́yìn náà tí Tarkwa Bay fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń dé etíkun yìí, nítorí náà àwọn ará Èkó àti àlejò ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ràn láti lọ sinmi níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn olùgbé ibẹ̀ ni wọ́n ń wa ọkọ̀, tí wọ́n ń se ẹja, tí wọ́n ń yá àlejò ní àga. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti fi pátákó kọ́ bí a ti ń gun ìgbì òkun títí tí òkìkí wọn fi kàn dé ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ń kọ́ àlejò. Bí ènìyàn bá ń wá àpẹẹrẹ ìrìn-àjò afẹ́ tí èrè rẹ̀ ń kan olùgbé, ibẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ-ogun ojú omi wá, wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n sì lé bíi 4,500 ènìyàn jáde. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé àwọn kan ń fọ́ ọ̀pá epo tí ó gba ibẹ̀ kọjá.

Olè epo jẹ́ ewu gidi, ìjọba sì ní ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n a kì í torí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan wó ilé gbogbo àdúgbò. Ní tòsí àwọn ògiri òkúta tí wọ́n tò kí ajé lè wọlé sí Àpápá ni wọ́n ti lé àwọn tí ó sọ etíkun náà di ibi ìsinmi fún gbogbo ènìyàn.

Láti Wo Ènìyàn àti Láti Bẹ Ènìyàn Wò

Ewu kan ṣì kù tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn fiyè sí. Kì í ṣe pé àlejò máa ń lé tálákà nìkan. Àlejò a máa wá wo tálákà náà. Ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn ọlọ́rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù a máa lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ìlú wọn lọ wo bí àwọn òtòṣì ti ń gbé. Láti bíi ọdún 1992 ni àwọn kan ti ń mú àlejò kiri Rocinha ní Rio de Janeiro. Ní Dharavi, ní ìlú Mumbai, ilé-iṣẹ́ Reality Tours bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe òfin pé àlejò kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò, àti pé ìpín tí ó pọ̀ jù lọ nínú èrè yóò padà sí àdúgbò.

Èkó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ilé-ìwé orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí kọ́ sí Mákòkó ní ọdún 2013 mú kí àwòrán Mákòkó kárí ayé. Ilé náà wó ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, àwòrán rẹ̀ sì ń bá a lọ láti máa rìn kiri. Ní ọdún 2019, ètò kan ti Code for Africa gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Mákòkó láti fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré ya àwòrán ilẹ̀ àdúgbò wọn, kí ó lè hàn lórí máàpù. Nínú èkíní, àdúgbò jẹ́ ìran. Nínú èkejì, ọmọ àdúgbò ni ó mú ohun èlò dání, òun ni ó sì sọ ibi tí ilé rẹ̀ wà. Galala àti Maracana ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún Ajégúnlẹ̀ ṣáájú. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni kí orúkọ gẹ́tò wá di ọjà lọ́wọ́ àwọn tí kò gbé ibẹ̀ rí.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé àwọn ọ̀dọ́ etí omi Èkó kò kórìíra àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àlejò ń bọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ètò ìgbàlejò kọjá ìdánwò mẹ́ta: ǹjẹ́ olùgbé yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí? Ta ni yóò máa sọ ìtàn àdúgbò fún àlejò? Ọwọ́ ta ni owó yóò bọ́ sí? Ìgbàlejò FESTAC kùnà nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Tarkwa Bay yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ wọ́n lé e túká.

Ìbéèrè náà kò tíì di ti àná. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Marina sí Mile 2. Ó ń dúró ní National Theatre, ní Òrílé, àti ní Súrù-Alábà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajégúnlẹ̀. Ní ọdún 2024, wọ́n sọ National Theatre tí wọ́n ti tún ṣe ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ohun rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ojú irin àti ilé àṣà bá ti pàdé, owó ilẹ̀ a máa gòkè, ojú a sì máa ṣí sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wò tẹ́lẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ mọ ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ìtàn Bàdíà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ náà.

Iṣẹ́ kan wà fún àwa onímọ̀ pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Olúwa wà nínú ìwé òfin, akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí ó bá fẹ́ lè rí i kà lónìí. Ìtàn àwọn ará Olúwọlé wà lẹ́nu àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé tàbí géńdé ní ọdún 1973, àwọn yẹn sì ti di àgbàlagbà báyìí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti mú fóònù àti fídíò dání. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn àti ti èdè ní àwọn yunifásítì Èkó bá wọn ṣiṣẹ́ láti gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn, ní Ìlàjẹ àti ní Pidgin, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí agbẹjọ́rò àti olùgbé lè rí i lò nígbà tí katakata bá tún dé.